Teslim Balógun, Thunder tó kàwé ní Port Harcourt

Tí a bá parí ìpàdé, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀, Osimhen àti Lookman làwọn ọmọ wa mọ̀. Ó ń dùn wá pé wọn ò mọ Teslim Balógun, nígbà tó jẹ́ pé ìlú tí a wà yìí ló gbà kọjá.

Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1927, nínú ìdílé Mùsùlùmí. Àmọ́ Port Harcourt níbí ló ti lọ sí iléèwé St. Mary's ti àwọn Kátólíìkì. Ọmọ Mùsùlùmí láti Èkó, nílùú tí wọn kì í ti í sọ èdè ilé wọn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́mọ níbí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní Èkó, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Railway àti Pan Bank. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, bí ààrá ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Thunder. Lọ́dún 1949 ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú ọba, Etim Henshaw ni olórí wọn. Púpọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a. Wọ́n sì na Marine Crosby 5-2.

Síbẹ̀, ó padà wálé ni. Ọdún 1955 ni Peterborough United tó mú un, àwọn yẹn ò sì tíì sí nínú líìgì ńlá. Ó kọjá sí Skegness Town. Ọdún 1956 ni Queens Park Rangers wá gbà á ní London, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé ọmọ ọdún 29 nígbà yẹn o! Ìdíje 13 péré ló gbá fún wọn nínú líìgì, ó jẹ góòlù 3. Àwọn kan á ní kékeré ni. Àwa ò gbà. Lóde òní, ọmọ ọdún 19 ni wọ́n ń sọ fún pé ó ti pẹ́ jù, wọ́n á tún ní kí bàbá rẹ̀ mówó wá.

Nígbà tó padà wálé, ó di kóòṣì. Ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico lọ́dún 1968, níbi tí wọ́n ti gbá 3-3 pẹ̀lú Brazil.

Ojú oorun ló kú sí lóṣù Keje 1972, lẹ́ni ọdún 45. Pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Sùúrùlérè. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2007 ló tó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún, ẹ fi han àwọn ọmọ.