Ferdinand Braun: Ẹni tí ó kọ́ ìgbì rédíò ní ọ̀nà

Ẹ̀yin ará wa, bí a ti ń fi fóònù kí àwọn òbí wa nílé, ẹ jẹ́ kí a rántí Karl Ferdinand Braun, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní Fulda, ní Jámánì, ní ọdún 1850.

Láyé ìgbà náà, bí òpó rédíò kan bá ń ránṣẹ́, ibi gbogbo ni ìgbì rẹ̀ ń lọ, a sì máa dí tẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ọdún 1905, Braun ri òpó mẹ́ta mọ́lẹ̀ bí ààrò mẹ́ta, ó sì mú kí ìgbì ọ̀kan pẹ́ díẹ̀ sí ti ìyókù. Níbi tí ìgbì wọn ti jọ ga, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Níbi tí ọ̀kan ti ga tí èkejì lọ sílẹ̀, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Báyìí ni ó ṣe darí ìgbì sí apá kan. Lórí ọgbọ́n yìí ni òpó fóònù òde òní fi ń ṣètò ìgbì kí ó tó rán an, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàrú mọ́ ti aládùúgbò.

Ní 1909, òun àti Marconi jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ní ìparí 1914, ó lọ jẹ́rìí nínú ẹjọ́ rédíò ní New York. Ogun kò jẹ́ kí ó padà. Brooklyn ni ó kú sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1918. Eérú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sin sí Fulda.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ohùn wa nìkan ni yóò máa délé.