Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Julia Margaret Cameron, Ayàwòrán

Nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí, ó yẹ kí a máa sọ ìtàn ẹni ńlá tí ó ti kú tipẹ́, kí àwọn tí ń dàgbà bọ̀ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún yìí, ẹni tí a mú kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe oníwàásù. Obìnrin ni, iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni ó sì fi di olókìkí. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé lóde òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀dọ́ kan láàárín wa tí kò ní fóònù tí ó lè yàwòrán lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí àgbàlagbà kan bá kú, tí a ń wá àwòrán tí a ó fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú, inú àwòrán àpèjẹ tí ogún ènìyàn jọ dúró sí ni a máa ń gé orí olóògbé jáde. Ọ̀ràn yìí tó ohun tí à ń ronú sí.

A bí Julia Margaret Pattle ní ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1815. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá lábẹ́ East India Company tí ń ṣàkóso níbẹ̀ nígbà náà; ìran Faransé ni ìyá rẹ̀, ilẹ̀ Faransé ni a sì ti kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní ọdún 1836, nígbà tí ó lọ tọ́jú ara rẹ̀ ní Cape of Good Hope ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ó pàdé Charles Hay Cameron, amòfin kan tí ó fi 20 ọdún jù ú lọ. Ní ọdún 1838 wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Calcutta. Ọkọ náà wà lára àwọn tí ń tún òfin ilẹ̀ Íńdíà tò, ó sì ní oko kọfí ní Ceylon, ilẹ̀ tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ọdún 1848 ni wọ́n kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá yìí bí, ó sì tún gba àwọn ọmọ aláìlóbìí tọ́ mọ́ wọn.

Ní ọdún 1860 ó ra ilé méjì ní Freshwater, ní erékùṣù Wight, ó so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pè é ní Dimbola, orúkọ ọ̀kan nínú oko wọn ní Ceylon. Tennyson, akéwì ńlá tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bu ọlá fún, ni aládùúgbò rẹ̀.

Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 1863, ọkọ rẹ̀ ti lọ bẹ oko wò ní Ceylon, ilé sì dá. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ọmọ náà ra ẹ̀rọ ayàwòrán kan fún un kí ó lè fi dá ara rẹ̀ lára yá. Ọmọ ọdún 48 ni. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ti ka obìnrin tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ìtọ́jú ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Julia sọ ilé adìẹ rẹ̀ di ilé onídígí tí ó ti ń yàwòrán, ó sì sọ ibi tí wọ́n ń kó èédú sí di yàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ àwòrán. Ní oṣù kìíní ọdún 1864, ó ya ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Annie Philpot, àwòrán náà sì dára. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sáré kiri inú ilé, tí ó ń wá ẹ̀bùn tí yóò fún ọmọ náà, bí ẹni pé ọmọ náà gan-an ni ó ṣe iṣẹ́.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa má ṣe rò pé iṣẹ́ náà rọrùn, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí fíìmù nígbà náà. Dígí ni à ń lò. Ayàwòrán a da omi oògùn kan tí ó ki sí ojú dígí, a rì í sínú omi oògùn mìíràn tí a fi fàdákà ṣe, nínú òkùnkùn. Nígbà tí dígí náà ṣì tutù ni a ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí à ń yà yóò jókòó láìmira fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà mìíràn títí di méje. Lẹ́yìn èyí ni ayàwòrán yóò sáré padà sínú òkùnkùn láti fọ dígí náà kí ó tó gbẹ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ó ti bàjẹ́. Bí eruku bá bà lé e, àmì yóò wà níbẹ̀ títí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a ó gbé dígí náà lé orí ìwé tí a fi funfun ẹyin àti oògùn fàdákà kùn, a ó sì sá a sí oòrùn kí àwòrán tó jáde. Ọwọ́ Julia dúdú fún oògùn, aṣọ rẹ̀ náà sì kún fún àbàwọ́n. Ní ọdún 1866 ó gba ẹ̀rọ tí ó tún tóbi jù ti ìṣáájú lọ, tí dígí rẹ̀ gùn ní íǹṣì 15, tí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 12.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń ya àwòrán ènìyàn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀nà tí ó gbòde ní ìgbà ayé Julia ni ti Disdéri ará Paris, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1854 láti máa ya ọ̀pọ̀ àwòrán kéékèèké sórí dígí kan ṣoṣo. Àwòrán náà kò tóbi ju páálí ìkíni lọ. Wọn a ya ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìkélé, òpó àti àga olówó iyebíye. Camille Silvy jẹ́ ọ̀gá nínú irú èyí ní London, ó sì yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ya Àìná, ọmọ tí ogun Dahomey kó ní agbègbè Òkè-Odàn ní ọdún 1848, tí Ọ̀gágun Forbes mú dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1850, tí wọ́n sì sọ ní Sarah Forbes Bonetta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò ńlá ní Èkó, ní ìlú Brighton. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni Silvy ya àwòrán wọn. Títí di òní, ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò rí ẹ̀wù gbòòrò, ìdúró ọlọ́lá, àti ọmọ ilẹ̀ wa tí kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni.

Julia kò bá wọn lọ sí ọ̀nà yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là fún ara rẹ̀. Èkínní ni àwòrán ojú. Yóò gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ènìyàn títí orí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú dígí. Yóò ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, yóò dí ọ̀pọ̀ fèrèsé, yóò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Báyìí ni ó ya Darwin, Carlyle àti Tennyson. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ya fún Tennyson rí gbágungbàgun tó bẹ́ẹ̀ tí akéwì náà fúnra rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun jọ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn kan tí ara rẹ̀ dọ̀tí. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni àwòrán ìyá àti ọmọ, bí ẹni pé Màríà ni ó gbé Jésù dání. Mary Hillier, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó sábà máa ń lò. Ọ̀nà kẹta ni àwòrán ìtàn, nínú èyí tí àwọn ará ilé àti àlejò ń wọ aṣọ bí àwọn ènìyàn inú àrọ̀sọ àtijọ́. Ní ọdún 1874 àti 1875 ó ṣe irú rẹ̀ fún ewì Tennyson nípa Ọba Arthur, ó sì fi ọkọ rẹ̀ arúgbó, onírùngbọ̀n funfun, ṣe Merlin onísègùn.

Nínú gbogbo rẹ̀, ti John Herschel ni a kà sí olórí. Onímọ̀ ìràwọ̀ ńlá ni Herschel, òun náà ni ó ṣàwárí oògùn tí ó wá di èyí tí à ń fi mú àwòrán dúró kí ó má baà pa rẹ́. Láti Cape ni òun àti Julia ti di ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1867, Julia lọ bá a nílé, ó ní kí ó fọ irun orí rẹ̀ kí ó lè rú sókè, ó sì fi aṣọ dúdú bo èjìká rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rọ ìràwọ̀, kò sí àmì oyè kankan nínú àwòrán náà. Ojú arúgbó kan ṣoṣo ni, tí ó ti wo ojú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Kì í ṣe àwọn olókìkí nìkan ni ó kà sí. Mary Ryan jẹ́ ọmọ alágbe tí Julia rí lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí ó sì mú sílé. Henry Cotton rí àwòrán rẹ̀ níbi àfihàn kan ní London, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ní ọdún 1867 ó fi í ṣe aya. Cotton yìí wá di ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà. Ní ọdún 1868, Julia ya Alemayehu, ọmọ Ọba Tewodros ilẹ̀ Etiópíà. Ọmọ ọdún méje ni. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú ogun Magdala, ìyá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé e wá sí ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tí ó bá wo ojú ọmọ náà nínú àwòrán kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ ìtàn rẹ̀ fún un.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ fọ́tò fi Julia ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ kò mọ́ kedere, wọ́n ní ìtẹ̀ka àti ìlà wà lára dígí rẹ̀. Àwa kò ní sọ pé wọ́n parọ́. Àléébù kan wà tí ó jẹ́ àléébù ní tòótọ́, bí ojú dígí tí ń sán. Ṣùgbọ́n àìmọ́kedere náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni, nítorí ó rí i pé ojú tí ó rọ̀ díẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ ju ojú tí a lè ka irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti yíyàn ni ó lè dúró níwájú alárìíwísí. Ní ọdún 1865, ilé àkójọ South Kensington ní London ra 80 nínú àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1868 wọ́n fún un ní yàrá méjì láti máa ṣiṣẹ́. Ó fi àwòrán tí ó lé ní 500 sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹlòmíràn má baà jí i tẹ̀. Síbẹ̀ owó tí ó wọlé kò tó èyí tí ó jáde, bẹ́ẹ̀ ni oko kọfí kò sì mú èrè wá mọ́.

Nítorí èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1875, tọkọtaya náà kó lọ sí Ceylon. Wọ́n gbé pósí méjì dání, wọ́n sì kó àwo àti dígí sínú wọn, nítorí wọ́n kò mọ̀ bóyá àwọn yóò rí pósí rà níbẹ̀. Julia ya àwọn ará ibẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò pọ̀ mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1879, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1880. Iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ lé ní 1,000 àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni kò lò ju ọdún 15 lọ nídìí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn: kí àgbà jókòó, kí ó kọjú síwájú, kí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí agbádá tàbí ìró rẹ̀ tàn ká. Ọ̀nà náà ní ọlá, nítorí ó ń fi ipò àti ìwà hàn; ẹ má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti Julia kún un. Ẹ mú ìyá yín jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ súnmọ́ ọn. Ẹ má kán an lójú. Ẹ jẹ́ kí ó gbàgbé pé à ń yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tún yà á nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ní ìdí aró, ní ìdí òfì, tàbí nínú oko. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, kò sì gba owó púpọ̀.

Bí ẹ bá sì ti yà á tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìdílé sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílé. Fóònù a máa sọnù, a sì máa bàjẹ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì bá a lọ. Àgbà tí ó wà pẹ̀lú wa lọ́dún yìí lè má sí ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún, kí ẹ tó padà, ẹ ya ojú wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.