Adékúnlé Fájuyì

Francis Adékúnlé Fájuyì (26 oṣù Kẹfà, ọdún 1926 – 29 oṣù Keje, ọdún 1966) jẹ́ ọ̀gá ológun ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láti ìlú Adó-Èkìtì. Òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kò sì lò ju bí oṣù mẹ́fà lọ lórí àléfà. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n dìtẹ̀ ni wọ́n pa á nítòsí Ìbàdàn pẹ̀lú olórí orílẹ̀-èdè ìgbà náà, Ọ̀gágun J. T. U. Aguiyi-Ironsi, tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé Fájuyì yàn láti kú dípò kí ó fa àlejò rẹ̀ lé àwọn tí ń lépa ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan lára àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú ìdìtẹ̀ náà sọ nǹkan mìíràn: wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn wá mú. Àríyànjiyàn lórí ìròyìn méjèèjì yìí kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé àti iṣẹ́ ológun

Adó-Èkìtì, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, ni wọ́n ti bí Fájuyì. Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun lábẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì. Kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ipò tí ó kéré jù lọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di sájẹ́ǹtì ní ẹ̀ka tí ń bójú tó ìfìránṣẹ́. Ní ọdún 1951, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ British Empire Medal nítorí ipa tí ó kó láti paná ọ̀tẹ̀ kan tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní ọdún 1954, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti gba oyè ọ̀gá ológun.

Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, Fájuyì wà lára àwọn ọmọ ogun tí ìjọba rán lọ sí orílẹ̀-èdè Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1961, nígbà tí ó ń darí ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ogun kan ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n lójú ọ̀nà. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ nínú ewu náà, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Military Cross nítorí ìgboyà rẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí bàtálíọ̀nù kìíní ní Enugu. Kété kí ìfipágbàjọba oṣù Kìíní ọdún 1966 tó wáyé, wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan gbìyànjú láti fipá gba ìjọba. Wọ́n pa olórí ìjọba àpapọ̀, Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n pa Ahmadu Bello tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ẹkùn Àríwá, àti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọ̀gá ológun àgbà bíi Zakariya Maimalari àti Samuel Adémúlẹ́gùn pẹ̀lú kú. Ìdìtẹ̀ náà kò yọrí sí rere fún àwọn tí ó gbìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba alágbádá wó, Aguiyi-Ironsi tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun sì gba àkóso orílẹ̀-èdè. Ó yan gómìnà ológun mẹ́rin: Hassan Katsina fún Àríwá, Odumegwu Ojukwu fún Ìlà-Oòrùn, David Ejoor fún Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, àti Fájuyì fún Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹkùn tí ó dé ọwọ́ Fájuyì kò fara rọ. Láti ìgbà ìdìbò ọdún 1965 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé màgòmágó wà nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń dáná sun ilé àti ènìyàn, nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí wẹtiẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, ìbínú ń ru sókè ní Àríwá. Ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú tí wọ́n pa ní oṣù Kìíní jẹ́ ọmọ Àríwá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó darí ìdìtẹ̀ náà jẹ́ Ígbò, ìjọba Ironsi kò sì gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Nígbà tí Òfin Kẹrìnlélọ́gbọ̀n jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún láti sọ orílẹ̀-èdè di abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò.

Ikú rẹ̀

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 1966, Ironsi ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28, ó bá àwọn ọba alayé ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn, ó sì sùn sí Ilé Ìjọba ní Àgodi gẹ́gẹ́ bí àlejò Fájuyì. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ogun tí ó jẹ́ ará Àríwá dìtẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá wọn, lára wọn Lieutenant Colonel Gabriel Okonweze àti Major John Obienu. Ìròyìn náà dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Lieutenant Colonel Hilary Njoku, tí ó wà lọ́dọ̀ Ironsi àti Fájuyì ní alẹ́ náà, jáde kúrò ní Ilé Ìjọba. Wọ́n yìnbọn fún un, ṣùgbọ́n ó bọ́.

Àwọn ọmọ ogun bàtálíọ̀nù kẹrin tí ó wà ní Ìbàdàn yí Ilé Ìjọba ká. Major Theophilus Danjuma, tí ó bá Ironsi wá sí Ìbàdàn, ni ó ṣáájú wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, wọ́n mú Ironsi àti Fájuyì pẹ̀lú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi méjì, Sani Bello àti Andrew Nwankwo. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa Ironsi àti Fájuyì nínú igbó nítòsí Làlúpọn. Nwankwo sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Bello pẹ̀lú kò kú.

Ìjọba kò kéde ikú wọn. Yakubu Gowon di olórí orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Adéyínká Adébáyọ̀ sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láìpẹ́ sí i, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó fún àwọn ará ìlú nípa ibi tí àwọn méjèèjì wà. Oṣù Kìíní ọdún 1967, lẹ́yìn ìpàdé àwọn olórí ológun ní Aburi ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni ìjọba tó kéde pé wọ́n ti kú. Wọ́n sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì ní oṣù náà.

Àríyànjiyàn lórí ìròyìn ikú rẹ̀

Ìdákẹ́jẹ́ oṣù mẹ́fà yìí ni ó fa púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ìgbẹ́jọ́ gbangba fún ẹnikẹ́ni lórí ikú méjèèjì. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ àti ìwé tí a kọ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu náà.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni ti olùgbàlejò tí kò da àlejò rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́, Ironsi nìkan ni àwọn ọmọ ogun wá mú. Fájuyì ni ó kọ̀ pé wọn kò lè mú àlejò òun lọ láìmú òun náà. Ìròyìn yìí tàn kálẹ̀ ní ọdún 1967, nígbà tí wọ́n sin ín, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì gbé e lárugẹ. Ó bá ìwà ọmọlúàbí mu gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti mọ̀ ọ́n, ó sì jẹ́ àpẹẹrẹ òwe tí ó sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ó wúlò fún òṣèlú pẹ̀lú. Àárín Yorùbá àti Ígbò kò gún mọ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, láti ìgbà náà sì ni àwọn kan ti ń tọ́ka sí Fájuyì nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kan Yorùbá. Nígbà tí ìtàn kan bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro fún àwọn tí ń sọ ọ́ láti bi í ní ìbéèrè.

Ìròyìn kejì wá láti ẹnu àwọn tí ó mú un. William Walbe, tí ó wà lára àwọn ọ̀gá ológun tí ó lọ sí Ilé Ìjọba, sọ tirẹ̀ fún J. Isawa Elaigwu, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Gowon ní ọdún 1986. Ó ní kì í ṣe pé Fájuyì fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà gbà pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní, nítorí pé òun ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ ogun jíjà kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n gbà gbọ́ pé wọ́n ti gbìmọ̀ ìdìtẹ̀ náà. Danjuma pẹ̀lú ti sọ pé ìtàn olùgbàlejò náà kò rí bí a ti ń sọ ọ́. Ní ti ikú fúnra rẹ̀, ó ní òun ṣèlérí pé wọn kò ní pa Ironsi, ṣùgbọ́n apá òun kò ká àwọn ọmọ ogun náà mọ́.

Ìròyìn kejì yìí ní agbára kan tí ìròyìn àkọ́kọ́ kò ní: àwọn tí ó sọ ọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ara wọn. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò kéré. Àwọn tí ó ṣekú pa ènìyàn, tàbí tí ó wà pẹ̀lú àwọn tí ó ṣe é, ni wọ́n ń ṣàlàyé ìdí tí ẹni náà fi kú. Ẹ̀sùn pé Fájuyì lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní a máa mú kí ikú rẹ̀ dà bí ẹ̀san, kò sì sí ilé-ẹjọ́ kan tí ó dá a lẹ́bi ẹ̀sùn náà. Walbe di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Gowon, Danjuma sì di olórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ní ọdún 1975. Ọ̀rọ̀ wọn jáde nígbà tí ẹgbẹ́ tiwọn ti borí.

Apá kẹta ni ti àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú. Nwankwo sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láti Àgodi títí dé inú igbó. Njoku kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1987. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì, ṣùgbọ́n Njoku ti kúrò ní Ilé Ìjọba kí wọ́n tó mú Fájuyì, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí ohun tí a sọ ní àkókò náà gan-an. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó dé lẹ́yìn wọn, bíi Nowamagbe Omoigui àti Max Siollun, gbìyànjú láti gbé ìròyìn ìhà kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ohun tí àwọn ìròyìn fẹnu kò lé lórí

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tí a bá gbé àwọn ìròyìn náà papọ̀, ohun tí wọ́n jọ sọ kò kéré: Ironsi jẹ́ àlejò Fájuyì, ìròyìn ìdìtẹ̀ Abẹ́òkúta dé etí wọn kí wọ́n tó mú wọn, wọ́n mú wọn papọ̀, ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbé wọn gbà, wọ́n sì pa wọ́n láìgbẹ́jọ́.

Ibi tí wọ́n ti yapa ni ìdí. Níbẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pò mọ́ra. Ìkíní ni bóyá Fájuyì mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní. Ìkejì ni bóyá àwọn ọmọ ogun náà ti pinnu láti mú un kí wọ́n tó dé Àgodi. Ìkẹta ni bóyá ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn sí ọ̀kan kò dáhùn èkejì. Àwọn ọmọ ogun lè ti fura sí ẹni tí kò mọ ohunkóhun, ẹni tí wọ́n ń wá sì lè kọ̀ láti sá tàbí láti fa àlejò rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Walbe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ nípa èrò àwọn ọmọ ogun náà, kò tó láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Fájuyì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyìn tí a fi sin ín kò tó láti sọ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà bá wá.

Ohun ìrántí

Orúkọ Fájuyì wà lára òpópónà kan ní Ìbàdàn, lára bárékè àwọn ọmọ ogun ní ìlú kan náà, àti lára ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọgbà ìrántí rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ènìyàn mìíràn a máa ṣe ìrántí rẹ̀. Ogójì ọdún ni ó lò lókè eèpẹ̀.