Àfọ̀njá, Àrólé Láderin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró síwájú pátákó yìí nígbà ìsinmi mọ̀ pé igun yìí la máa ń kọ ìtàn àwọn èèyàn ńlá ayé àtijọ́ sí. Èmi ló kàn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíì ni mo fẹ́ mú tẹ́lẹ̀, àmọ́ iyàn kan tá a jà ní kíláàsì kò jẹ́ kí n sinmi, òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Àfọ̀njá.

Tíṣà wa tó ń kọ́ wa ní Ìtàn ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń sọ fún wa nípa ìdílé kan ní Róòmù àtijọ́ tí orúkọ wọn ń jẹ́ Scipio. Bàbá àti arákùnrin rẹ̀ kú sójú ogun ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 211 kí wọ́n tó bí Jésù. Ọmọ gba ogun náà jà, ó sì ṣẹ́gun Hannibal ní Zama ní ọdún 202. Nígbà tó di 146, ọmọ tí ọmọ rẹ̀ gbà tọ́ ló pa ìlú Carthage run. Ogun jíjà ni iṣẹ́ ilé wọn, bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ilé ẹlòmíì. Síbẹ̀, èyí tó ṣẹ́gun Hannibal yẹn, àwọn ará ìlú ẹ̀ náà ló padà bá a fa wàhálà, tó fi bínú kúrò ní Róòmù, tó sì kú sí ẹ̀yìn odi.

Ni tíṣà wa bá bi wá pé ilé wo ló rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹnì kan dárúkọ Ògèdèngbé, ẹnì kan dárúkọ Ògúnmọ́lá. Èmi ní ilé Àfọ̀njá ni. Háà, ariwo sọ! Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, wọ́n ní òun ló tú ilẹ̀ Yorùbá ká, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìtàn Àfọ̀njá kò bẹ̀rẹ̀ lórí Àfọ̀njá. Láderin ni baba ńlá rẹ̀, òun ló tẹ Ìlọrin dó. Orúkọ ìlú yẹn fúnra ẹ̀, ìlọ irin ni, torí òkúta kan tí wọ́n ti ń pọ́n irin. Láderin bí Pàsín. Pàsín yìí gbé ayé nígbà tí Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, ń pa ọba bó ṣe wù ú, tí gbogbo ayé ń wárìrì fún un. Pàsín kò wárìrì ní tiẹ̀. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Gáà fi bẹ̀rù pé yóò ga ju òun lọ, tó sì rán ogun sí i. Pàsín bí Alágbin, Alágbin bí Àfọ̀njá. Ìran kẹrin nìyẹn. Ìlọrin nígbà yẹn kì í ṣe ìlú ńlá bó ṣe wà lónìí, ìlú ẹnu ààlà ni, àwọn tó wà níbẹ̀ ni ogun máa kọ́kọ́ bá kó tó dé Ọ̀yọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sírú ilé bẹ́ẹ̀, ohun ìjà ló máa fi ṣeré.

Nígbà tí Ọyábì tó jẹ́ Kakaǹfò ní Àjàṣẹ́ kú, Àfọ̀njá ní òun lòun fẹ́ joyè náà. Wọ́n gbà á níyànjú pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ọba ni ìyá rẹ̀, oyè Kakaǹfò sì kéré sí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ọba lára. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí oyè yìí díẹ̀, torí púpọ̀ nínú wa, orúkọ lásán la mọ̀. A mọ̀ pé Akíntọ́lá jẹ ẹ́, Abíọ́lá náà jẹ ẹ́. A mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fi jẹ ẹ́ lọ́dún 2018, Gani Adams, ọmọ Àrìgìdì ní Àkókó lókè ibí yìí ni. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wọ́n á fárí fún ọ, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí ọ lípàkọ́, wọ́n á sì fi oògùn ra gbogbo ẹ̀ kí ẹ̀rù ogun má bà ọ́ mọ́ láéláé. Wàá dé fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́ ṣe. Awọ ẹkùn ni wàá máa jókòó lé. O ò gbọdọ̀ máa gbé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọba. Ọdọọdún mẹ́ta ni wàá lọ sógun, ibi tí ọba bá sì rán ọ, láàárín oṣù mẹ́ta o gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́gun ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ ni wọ́n máa gbé wálé. Kò sí pé mo gbìyànjú ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.

Òfin ìkẹyìn yẹn ni Aláàfin Aólẹ̀ fẹ́ fi mú un. Ọ̀rọ̀ Aólẹ̀ àti àwọn ìjòyè ẹ̀ kò wọ̀, ó sì ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ Àfọ̀njá. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n rán an lọ sí Ìwéré-Ilé. Orí òkè ni Ìwéré wà, kò ṣeé gbà, ibẹ̀ sì ni ilé ìyá Aláàfin kan nígbà láéláé. Tó bá kọ̀ láti jà, ó ti rú òfin. Tó bá jà, oṣù mẹ́ta á pé, òkè á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wò ó ná, ilé tó ti dúró lẹ́nu ààlà láti ìran Láderin, ọba ni kó lọ kú sídìí òkè. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni nǹkan bàjẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ. Mi ò sọ pé Àfọ̀njá kò ní ẹ̀bi. Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé ọba ló kọ́kọ́ da ọmọ ogun rẹ̀.

Aṣírí tú. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè Ìwéré, Àfọ̀njá, Ọ̀pẹ̀lẹ́ baálẹ̀ Gbógun àti àwọn olórí ogun yòókù yíjú padà. Wọ́n kọlu àwọn èèyàn ọba tó wà láàárín wọn, wọ́n sì forí lé Ọ̀yọ́. Wọ́n pàgọ́ sẹ́yìn ìlú, wọ́n gbé òfìfo igbá ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ọba tó bá rí òfìfo igbá mọ̀ pé ilé ayé ti sú àwọn èèyàn láti bá òun gbé. Kí Aólẹ̀ tó kú, ó jáde sí gbangba ààfin, ó ta ọfà sí àríwá, ó ta sí gúúsù, ó ta sí ìwọ̀ oòrùn, ó ní gbogbo ibi tí òun ta á sí ni wọ́n á kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀, torí igbá tó fọ́ ṣeé dì, àwo tó fọ́ kò ṣeé dì. Nǹkan bí ọdún 1796 nìyẹn. Àfọ̀njá rò pé òun ni wọ́n máa fi jọba, wọn ò fi jẹ ẹ́. Ó bá padà sí Ìlọrin, kò sì sin Ọ̀yọ́ mọ́.

Ibi tó kàn yìí ló ṣòro jù fún mi láti kọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá pe Álímì, àlùfáà Fúlàní kan, wá sí Ìlọrin láti máa bá a ṣàdúrà, kó sì máa ṣe oògùn ogun fún un. Ó tún pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ṣọlágbérú, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó wá tẹ̀dó sí Òkè Súnà. Ó wá kéde pé ẹrú Haúsá yòówù tó bá sá lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ tó wá bá òun ti dòmìnira. Wọ́n ya dé bí omi. Àwọn tó ń gẹrun fún ọ̀gá wọn, àwọn tó ń hun okùn, àwọn tó ń da màlúù, gbogbo wọn di jagunjagun Àfọ̀njá. Jàmáà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń wọ òrùka irin tí wọ́n ń pè ní kẹ̀ǹdé, tí wọ́n bá pàdé ara wọn, wọ́n á fi í kan ara wọn kó dún, ìkíni wọn nìyẹn. Pẹ̀lú wọn ni Àfọ̀njá fi ja ilẹ̀ Ìgbómìnà àti àwọn ìlú mìíràn, tí agbára rẹ̀ fi ga ju ti ọba lọ.

Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní kíláàsì bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́, pé ó kó àjèjì wọlé, àjèjì sì jẹ ẹ́ run. Ọmọ kíláàsì wa kan, Ìlọrin ni ilé bàbá ẹ̀, nawọ́ sókè. Kò pariwo rárá. Ó bi mí pé àwọn wo gan-an ni mò ń pè ní àjèjì. Ó ní ṣé kì í ṣe àwọn Ọ̀yọ́ ló fowó ra àwọn èèyàn yẹn, tí wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn wá sílé? Ó ní tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n sọ di ẹrú, tí mo wá gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń dá èèyàn sílẹ̀, ṣé mi ò ní sá lọ? N ò rí èsì fọ̀. Níbí ní Ifọ́n, Ẹ̀bìrà, Ígbò àti Haúsá ló ń bá wa jókòó ní kíláàsì kan náà, a sì ń jọ jẹun. Mo rí i pé bí mo ṣe sọ ọ́ kò dáa, mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ apá kejì náà. Àwọn jàmáà yìí kò mọ ìwọ̀n. Wọ́n ń kó ẹran àwọn èèyàn, wọ́n ń jí ọmọ wọn tà, wọ́n sì ń padà lọ gbẹ̀san lára àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tó ti sá para pọ̀, wọ́n kó ìlú Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àjàyí, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí tó fi dé etíkun. Òun náà ni ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Kí ló burú ju pé kí ẹni tí wọ́n ti tà rí máa ta ọmọ ọlọ́mọ?

Àwọn ìjòyè Àfọ̀njá rí i, ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Fágbohùn nìkan ló láyà láti sọ fún un lójú. Dípò kó gbọ́, ó bínú sí i débi pé Fágbohùn ní láti sá fún ẹ̀mí ẹ̀. Èyí gan-an ni mo rí tó yàtọ̀ sí ti àwọn baba rẹ̀. Pàsín kọjú ìjà sí Gáà, ẹni tó lágbára jù ú lọ ló bá jà. Àfọ̀njá lé ẹni tirẹ̀ tó fẹ́ gbà á là. Ìgbà tó wá ya lẹ́nu pé òun á dín àwọn jàmáà kù, òun á sì fìyà jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn kó tó ṣe é.

Wọ́n kọ́kọ́ dìde sí i. Ó ránṣẹ́ sí Ṣọlágbérú ní Òkè Súnà. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ọ̀nà náà kò jìn, Ṣọlágbérú kò wá. Ó ránṣẹ́ sí Tóyèjẹ ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti Oníkòyí, àwọn yẹn jìnnà, wọn ò tíì dé tí ilé fi gbóná mọ́ ọn lórí. Àwọn díẹ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ sí i ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó jáde sí wọn, ó sì jà. Wọ́n ní ọfà àti ọ̀kọ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tó kú, kò ṣubú. Igi ọfà ló gbé òkú rẹ̀ dúró. Àwọn tó pa á kò mọ̀ pé ó ti kú, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sún mọ́ ọn, torí wọ́n rò pé ó ṣì ń wò wọ́n. Nígbà tó yá ni ẹnì kan rọra yọ́ lọ wò ó. Wọ́n dáná sun ún di eérú. Nǹkan bí ọdún 1824 ni.

Tóyèjẹ àti àwọn yòókù kó ogun jọ láti gbẹ̀san, wọ́n pàdé àwọn ará Ìlọrin ní Ògele, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlọrin ló ṣẹ́gun wọn níbẹ̀. Ṣọlágbérú wà pẹ̀lú àwọn Fúlàní lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n pa òun náà. Abdulsalami ọmọ Álímì ló di Ẹmíà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin, àbúrò rẹ̀ Shitta ló jẹ tẹ̀ lé e, ìran wọn ló sì wà lórí oyè títí dòní. Àwọn ọmọ Àfọ̀njá náà ṣì wà nílùú tí Láderin tẹ̀ dó, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì wa tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti ka èyí kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó ní apá ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ jàmáà ti dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi Álímì sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nínú ìtàn. Òun ló máa kọ tiẹ̀ síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.