Stephen Allen Benson, Ààrẹ Tí Ó Dá Oko Kọfí

Ẹni tí ó bá dé ọgbà ọ̀gbìn ti Kew ní ìlú London yóò rí i pé owó ni àwọn ènìyàn ń san kí wọn tó wọlé lọ wo àwọn igi ilẹ̀ olóoru tí a gbìn sínú ilé onídígí. Púpọ̀ nínú irú igi bẹ́ẹ̀, igbó Áfíríkà ni orísun wọn. Kọfí Làìbéríà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tí ọgbà náà mú káàkiri ayé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rán àwọn òǹkàwé wa létí ọkùnrin kan tí ó gbin igi yìí, tí ó sì tún jẹ Ààrẹ.

Ọdún 1816 ni a bí Stephen Allen Benson ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n òmìnira aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ náà nígbà náà dà bí ẹ̀wù tí a yá wọ̀. Ní ọdún 1822 wọ́n kọjá òkun wá sí ibi tí ìlú Monrovia ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn onílẹ̀ fi gbógun ti àwọn àlejò náà, wọ́n sì mú ọmọdé yìí ní ìgbèkùn fún oṣù díẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe akọ̀wé fún Gómìnà Thomas Buchanan, ó ṣòwò, ó ṣe adájọ́, ó sì di igbákejì Ààrẹ. Ní ọdún 1856 ó gba ipò lọ́wọ́ Joseph Jenkins Roberts, Ààrẹ àkọ́kọ́. Ní ìgbà tirẹ̀ ni ìletò Cape Palmas darapọ̀ mọ́ Làìbéríà ní ọdún 1857. Ní ìgbà tirẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ti ń kọ̀, gbà ní ọdún 1862 pé Làìbéríà jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ó dá dúró.

Síbẹ̀, oyè kò mú kí ó gàn ọkọ́. Ó ní oko kọfí ní Grand Bassa, ibẹ̀ ni ó sì padà sí nígbà tí ó fi ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1864. Ní ọdún 1865 ó kú.

Ikú kò jẹ́ kí ó rí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1869 àrùn ewé bẹ́ sílẹ̀ lára kọfí Ceylon, erékùsù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Kew wá irúgbìn kọfí Làìbéríà, nítorí pé ó lágbára, ó sì ń so ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó gbóná, ó sì pín in fún àwọn ọgbà mìíràn lókè òkun. Nígbà tí ó yá, àrùn náà mú òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n títí di òní wọ́n ń gbìn ín ní Malaysia àti ní Philippines. Ní Làìbéríà fúnra rẹ̀, kọfí Brazil kún ọjà àgbáyé, òwò náà sì wó lulẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí.

Benson gbin igi. Àwọn ẹlòmíràn ni ó kó irúgbìn rẹ̀ jọ, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì dán an wò. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ilẹ̀ díẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbin igi ilẹ̀ wa síbẹ̀, kí wọn sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn ní èdè wa.