Francisco Penzotti, ẹlẹ́wọ̀n nítorí Bíbélì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká rántí Francisco Penzotti. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1851. Ọmọdé ni nígbà tó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Montevideo ní Úrúgúáì, níbi tí wọ́n ń sọ èdè Spéìn. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́.

Òde ijó ló wà lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi ìwé Ìhìn Rere Jòhánù lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kà á, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó fi ayùn àti òòlù sílẹ̀, ó wá ń gbé Bíbélì kiri láti ìlú dé ìlú.

Ní 1888 ó dé Callao ní ilẹ̀ Pérù. Òfin ibẹ̀ nígbà náà, ìjọ Àgùdà nìkan ló lè sìn ní gbangba. Penzotti àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbàdúrà. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 1890, wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n Casas Matas. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ ń bẹ nílé. Kò dákẹ́ o! Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wàásù fún. Ní oṣù Kẹta 1891 wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1915 Pérù yí òfin náà padà. Ó sùn nínú Olúwa ní 1925.

Ará, ṣé ẹ rí i? Ìwé kékeré ọ̀fẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. Bí a bá ń lọ kí ẹlẹ́wọ̀n, ká mú oúnjẹ, ká mú Bíbélì pẹ̀lú. Oúnjẹ á tán, Ọ̀rọ̀ á kù. Àmín.