Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ka Àsìkò

Ìlú Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òpìtàn kan fi ń pe ọdún náà ní 1806 tàbí 1807. Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn òbí rẹ̀ kò mọ ìṣirò àsìkò. Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìsìn, ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà ọba ni wọ́n fi ń ka tiwọn.

Ìṣirò yìí ni Àjàyí bá láyé. Ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ ìsìn òrìṣà, ọjọ́ mẹ́rin sì ni ó fi ń yípo: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Nítorí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye, ọjà tí ó ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin ni a ń pè ní ọjà ọrún, èyí tí ó ń yípo ní ọjọ́ mẹ́jọ ni ìsán, èyí tí ó sì ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣoògùn, a sì ta Àjàyí lẹ́rú láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ́wọ́ àwọn Potogí, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., láàrin oṣù díẹ̀ ó sì ti mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “week”, kì í ṣe orúkọ tuntun fún ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣirò mìíràn ni: ọjọ́ méje, láti ọjọ́ Àìkú kan dé èkejì. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní ọdún 1827. Nígbà tí ó kọ ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1837, ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì ni ó lò: ó fojú díwọ̀n pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀.

Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn àjò odò Ọya ní ọdún 1841. Ní ọdún 1843, a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1846, ó tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ni ó wá gba ìṣọ́ra jù lọ. Crowther máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kí ó lè mọ bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun kọ́ ni ó dá iṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n òun ni òpó rẹ̀, títí gbogbo Bíbélì fi jáde ní Yorùbá ní ọdún 1884. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti èdè Lárúbáwá wọlé ni a lò fún ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ọjọ́, èyí tí í ṣe wákàtí. Ọ̀sẹ̀, tí ó jẹ́ ti òrìṣà, ni a sì gbé ọjọ́ méje lé lórí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń ru ìṣirò méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Ifá ṣì fi ń yípo. Ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé “week” ni ọ̀sẹ̀, láìsí àlàyé mìíràn, yóò ṣi ọjọ́ ọjà ìlú rẹ̀ kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fi ìtàdógún túmọ̀ “fortnight” ti fi ọjọ́ méjì kún un, nítorí òru mẹ́rìnlá ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dúró fún.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1857, Crowther dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní èdè Ìgbò sì jáde. Ìwé gírámà Núpè tẹ̀lé e ní ọdún 1864, ọdún tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ ní ìjọ Áńgílíkà. Àwọn Ìgbò náà ní ọjọ́ mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, tí wọ́n ń pè ní izu. Ṣùgbọ́n wọn kò na izu gùn bí a ti na ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìsìn kún un, ó di izu ụka. Àwọn Haúsá ní tiwọn ní mako, ọ̀pọ̀ orúkọ ọjọ́ inú rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá.

Ìgbẹ̀yìn Crowther kò rọrùn. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìjọ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ró. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Àwọn ìwé rẹ̀ kò kú. Ohun tí wọ́n fi lé olùkọ́ èdè lọ́wọ́ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àsìkò kò parí sí orúkọ: kí a ka ọjọ́ inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a ka ti inú èdè abínibí, kí a sì fi ìyàtọ̀ wọn han ọmọ kí ó tó há a sórí.